Tuubá Ní Ẹsẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Á Tún Ilé àti Ọjọ́ Wa Tò

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè wá lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti túká tán, ó ní, "Àáfáà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti tuubá lórí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo sunkún lé e lórí lóru. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ọdún ni mo tún padà síbẹ̀. Owó aṣọ oníbàárà ni mo fi ta á. Ṣé tuubá mi kì í ṣe òótọ́ ni? Ṣé kí n yéé tan ara mi ni?"

A bi í pé, "Nígbà tí o tuubá, kí lo yí padà?" Ó ní, "Ọkàn mi ni, Àáfáà." A ní, "Ó dára. Ọ̀nà wo lo ń gbà délé láti ṣọ́ọ̀bù?" Ó dákẹ́. Ọ̀nà iwájú ilé tẹ́tẹ́ náà ló ṣì ń gbà. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń jókòó. Tẹ́tẹ́ náà sì wà nínú fóònù tó wà lápò rẹ̀ bí ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ arákùnrin yìí ni a fẹ́ fi ṣe wáàsí fún ara wa lóṣù yìí, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tí kì í ta tẹ́tẹ́ lè máa sùn kọjá àsùbáà. Ẹni tó ń jí kí àsùbáà lè máa wo ohun tí kò yẹ lórí fóònù nígbà tí ará ilé bá ti sùn. Kálukú ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti ń yọ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: tuubá ní ẹnu, ó ní ọkàn, ó sì ní ẹsẹ̀. Ẹni tó fi ẹnu tuubá, tí ọkàn rẹ̀ sì kábàámọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà àtijọ́, iṣẹ́ kù lára tuubá rẹ̀.

ỌKÙNRIN TÓ PA ÈNÌYÀN 100

Bukhari àti Muslim gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Abu Sa'id al-Khudri (RA). Ànábì (SAW) sọ ìtàn ọkùnrin kan nínú àwọn tó ṣáájú wa, tó ti pa ènìyàn 99. Ó wá ń wá ọ̀nà àtituubá. Wọ́n júwe olùfọkànsìn kan fún un. Ìyẹn sọ fún un pé kò sí tuubá fún irú rẹ̀ mọ́. Ó bá pa òun náà, wọ́n di 100. Lẹ́yìn náà, wọ́n júwe onímọ̀ kan fún un. Onímọ̀ yìí sọ fún un pé kò sí ẹni tó lè dínà tuubá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, onímọ̀ náà kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ó ní kí ó lọ sí ìlú kan báyìí tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sin Ọlọ́hun, kí ó máa bá wọn sìn Ín, kí ó má sì padà sí ìlú tirẹ̀ mọ́, nítorí ilẹ̀ búburú ni.

Ọkùnrin náà gbéra. Agbede méjì ọ̀nà ni ikú ká a mọ́. Àwọn mọ̀láíkà àánú àti àwọn mọ̀láíkà ìyà wá ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó ti tuubá, ó ti kọ ọkàn rẹ̀ sí Ọlọ́hun. Àwọn kejì ní kò ṣe iṣẹ́ rere kankan rí. Ìdájọ́ tó wáyé ni pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ tó wà láàrin rẹ̀ àti ìlú méjèèjì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ni ó fi súnmọ́ ìlú rere ju ìlú àtijọ́ lọ. Àwọn mọ̀láíkà àánú ló gbé e.

Ẹ̀yin ará wa, ọkùnrin yìí kò tíì kí rákà kan ní ìlú rere náà. Kò tíì dé ẹnubodè. Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ẹ sì wo ìyàtọ̀ tó wà láàrin olùfọkànsìn àti onímọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni olùfọkànsìn rí, onímọ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀, ó rí ènìyàn, ó sì rí àdúgbò tó ń bí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ó mọ̀ pé bí apànìyàn yìí bá tuubá láàárọ̀ tó sì padà sáàrin àwọn tí wọ́n jọ ń pànìyàn, kí ilẹ̀ tó ṣú, idà yóò tún ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ MÁ SÚNMỌ́ Ọ́N"

Ẹ jẹ́ kí á wo bí Al-Qur'án Alápọ̀nlé ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú Súrà Baqarah, àyà 35, Ọlọ́hun kò sọ fún Ànábì Ādam àti aya rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ èso igi náà lásán. Ó ní kí wọ́n má súnmọ́ ọn. Nínú Súrà Isrā', àyà 32, kì í ṣe ṣíná nìkan ni Ó kọ̀, sísúnmọ́ ọn ni Ó kọ̀ fún wa. Ọba tó dá wa mọ̀ wá. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá dé ìdí igi, ọwọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ nà.

Ẹ tún rántí Ànábì Yūsuf, ọ̀dọ́ bíi tiyín, àjèjì nílé onílé, tí ìyá ilé ti ilẹ̀kùn mọ́. Ó kọ́kọ́ fi Ọlọ́hun ṣe ààbò. Lẹ́yìn náà kí ló ṣe? Kò jókòó láti fi hàn bí ìgbàgbọ́ òun ṣe le tó. Ó sáré. Ẹnu ọ̀nà ló sá lọ, títí wọ́n fi fa aṣọ rẹ̀ ya lẹ́yìn. Bí Ànábì Ọlọ́hun bá lè sá, kí ni ó dé tí àwa fi rò pé a lè tẹ́ ẹní síbi ìdánwò, kí á sì sùn láìlálàá?

ÀNÁBÌ WA NÁÀ TÚN ÀYÍKÁ RẸ̀ TÒ

Àwọn kan nínú wa lérò pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá lágbára kò nílò irú ètò bẹ́ẹ̀. Ta ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára ju ti Ọ̀jíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) lọ? Síbẹ̀, ìyá wa Aisha (RA) sọ pé ó kírun lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ ìbora kan tó ní iṣẹ́ ọnà lára. Ojú rẹ̀ lọ sára iṣẹ́ ọnà náà. Nígbà tó kírun tán, ó ní kí wọ́n dá aṣọ náà padà fún Abu Jahm tó ni ín, kí wọ́n bá òun gba aṣọ tí kò ní ọnà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ pé, "Lọ́la, n óò gbìyànjú kí ojú mi má lọ síbẹ̀." Ó yọ aṣọ náà kúrò.

Ẹ tún gbọ́ ti Khaybar. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti ogun náà ní ọdún keje hijira (628), oorun mú wọn lóru. Kí wọ́n tó sùn, Ànábì yan Bilal pé kí ó máa ṣọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́ fún wọn. Bilal kírun díẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ràkúnmí rẹ̀, ó kọjú síbi tí ojúmọ́ yóò ti mọ́, ni oorun bá gbé òun náà lọ. Ìgbóná oòrùn ló jí wọn. Ànábì ló kọ́kọ́ lajú. Ó ní kí kálukú fa ràkúnmí rẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí Ṣàítánì ti bá wọn dé ibẹ̀. Wọ́n sún síwájú, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n sì kí àsùbáà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà nínú èyí. Èkíní, kí wọ́n tó sùn ni wọ́n ti ṣètò bí wọn yóò ṣe jí. Èkejì, nígbà tí ètò náà yẹ̀, wọn kò ní ó ti bàjẹ́ tán. Wọ́n kí ìrun wọn. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó kí i, wọ́n kúrò ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

BÍ ỌTÍ ṢE KÚRÒ NÍ MADINA

Àwọn ará Madina fẹ́ràn ọtí ṣáájú. Ọlọ́hun kò já a gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan. Nínú Súrà Baqarah, àyà 219, Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, nínú Súrà Nisā', àyà 43, Ó kọ̀ fún wọn láti súnmọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá wà lójú wọn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìrun 5 lójúmọ́. Láti àyílà sí alásárì, láti alásárì sí màgàríbà, láti màgàríbà sí ìṣáì, àyè wo ló kù tí ènìyàn yóò mutí, tí ojú rẹ̀ yóò sì dá kí ìrun mìíràn tó dé? Ìrun fún wákàtí ọtí pa. Nígbà tí àṣẹ ìkẹyìn wá dé nínú Súrà Mā'idah, àyà 90 àti 91, ọjọ́ wọn ti yí padà kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ náà, Anas ọmọ Malik ló ń bu ọtí fún àwọn àgbà nílé Abu Talha. Bí ìkéde ti dé, wọ́n ní kí ó dà á nù, kí ó sì fọ́ àwọn ìkòkò náà. Anas mú òkúta, ó sì fọ́ wọn. Wọn kò ní kí wọ́n gbé ìkòkò pamọ́ nítorí ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí àwọn aṣojú ẹ̀yà Abd al-Qays wá bá Ànábì, ó kọ̀ fún wọn láti máa rẹ ohun mímu sínú irú ohun èlò tí wọ́n fi ń pọn ọtí, bí akèrègbè àti kùkùté igi ọ̀pẹ tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yọ̀ǹda àwọn ohun èlò náà, ó ní kí wọ́n ṣáà yẹra fún gbogbo ohun tó ń pani. Ẹ ò rí ọgbọ́n? Àwọn àgbà wa náà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó fi àbọ̀ bá adìyẹ.

ÀWA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀ RÍ

A kò fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, yàrá wa ni ojúkò ìtàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn ìṣáì, a ó po tíì, a ó máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ìṣèlú títí di aago 2 òru. Àsùbáà á wá kọjá lórí wa. Àwa tí a ti ń kọ́ ọmọdé ní kéwú nígbà ìsinmi! A jẹ́jẹ̀ẹ́, ó yẹ̀. A fi ààwẹ̀ jẹ ara wa níyà, ó tún yẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún kìíní kan tó ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bi wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Àáfáà, ṣé mọ́ṣáláṣí mìíràn lẹ ti ń kí àsùbáà ni?" Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò tíì tán lára wa.

Ohun tó gbà wá kò ju èyí lọ: a gbé ìtàkúrọ̀sọ náà kúrò lóru, a mú un sí ẹ̀yìn alásárì, a bá arákùnrin tó máa ń pe ìrun pààrọ̀ yàrá, kí á lè máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ alábàágbé rẹ̀ tó máa ń bá a jí, a sì gbé aago tó ń ké sí òdìkejì yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà. Ìgbàgbọ́ wa kò fi ìlọ́po méjì lé síi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀nà la tún ṣe, Ọlọ́hun sì fi ẹsẹ̀ wa lé e. Ìgbà náà ló yé wa ìdí tí Ànábì (SAW) kò fi fẹ́ràn kí á sùn kí a tó kí ìṣáì, tí kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ lásán lẹ́yìn rẹ̀. Láti aago 8 alẹ́ sí aago 5 ìdájí, wákàtí 9 ni. Alẹ́ ni àsùbáà ti ń bẹ̀rẹ̀.

BÁWO NI A Ó ṢE ṢE É?

Ìkínní: mọ ibi tí o ti ń yọ̀. Mú ìwé kékeré kan, fi ọjọ́ 7 kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni, níbo ni, lọ́dọ̀ ta ni, kí lo ṣe tán kó tó ṣẹlẹ̀? Wàá rí i pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni Ṣàítánì ń gbà wọlé.

Ìkejì: ti ilẹ̀kùn náà. Bí fóònù bá ni, má gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí; jẹ́ kí ó sùn ní pálọ̀, kí ìwọ sùn ní yàrá. Bí ọ̀nà bá ni, gba ọ̀nà mìíràn, ìbáà jìn. Bí owó bá ni, fi í sọ́wọ́ ẹni tí o fọkàn tán kí ó tó di alẹ́. Aláṣọ-àlà kì í jókòó nísọ̀ elépo.

Ìkẹta: gbé ohun rere súnmọ́ ara rẹ. Pọn omi àlùwàlá sílẹ̀ lálẹ́, tẹ́ ẹní ìkírun sílẹ̀. Bukhari àti Muslim gba á wá pé Ṣàítánì máa ń ta kókó mẹ́ta sí ìpàkọ́ ẹni tó bá sùn: ó tú ọ̀kan bí ó bá dárúkọ Ọlọ́hun, ó tú èkejì bí ó bá ṣe àlùwàlá, ó tú ẹ̀kẹta bí ó bá kírun. Bí omi bá wà nítòsí, kókó kejì kò ní pẹ́ tú. Al-Qur'án tí a wé sínú aṣọ tí a gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù láti Ràmàdáánì dé Ràmàdáánì, a bu ọlá fún un, ṣùgbọ́n a kò kà á. Gbé e sí ibi ọ̀wọ̀ tí ọwọ́ rẹ lè tètè tó o.

Ìkẹrin: so ohun tuntun mọ́ ìrun. Ìrun márààrún ni òpó tí Ọlọ́hun rì mọ́lẹ̀ sínú ọjọ́ wa. Mushaf tí wọ́n ń tẹ̀ ní Madina jẹ́ ojú ewé 604. Ẹni tó bá ń ka ojú ewé kan péré lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, ojú ewé 5 lójúmọ́, yóò parí rẹ̀ ní ọjọ́ 121, oṣù mẹ́rin.

Ìkarùn-ún: wá ẹnìkejì. Ànábì (SAW) fi ọ̀rẹ́ rere wé ẹni tó ń ta òórùn dídùn, ó fi ọ̀rẹ́ búburú wé ẹni tó ń fẹ́ iná alágbẹ̀dẹ. Bí o kò tilẹ̀ ra òórùn lọ́wọ́ èkíní, wàá gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí èkejì kò sì jó aṣọ rẹ, èéfín rẹ̀ á bá ọ.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Púpọ̀ nínú yín ló ń bá wa sọ pé inú ọjà ni àyílà àti alásárì ti ń bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ kí i. Ẹ fi búútà kan, ẹní kan àti ìbòrí mímọ́ sábẹ́ àtẹ yín. Kí ẹ̀yin méjì tí ìsọ̀ yín fara kan ara jọ ṣàdéhùn: bí ọ̀kan bá ń kírun, kí èkejì máa bá a ta ọjà. Ohun tó ń gba ìrun lọ́wọ́ yín lè má ju àìsí ẹni tí yóò ṣọ́ ọjà lọ.

BÍ ẸSẸ̀ BÁ TÚN YỌ̀ ŃKỌ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Aisha (RA) jẹ́ kí á mọ̀ pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí kò dáwọ́ dúró, bí ó tilẹ̀ kéré. Àwọn onímọ̀ ayé náà ti wádìí nǹkan tó jọ èyí. Ní ọdún 2010, Phillippa Lally àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 96 tó ń gbìyànjú láti sọ ohun kan di ìṣe ojoojúmọ́. Ọjọ́ 66 ni àárín iye ọjọ́ tó gbà wọ́n. Ti ẹlòmíràn kò ju 18 lọ, ti ẹlòmíràn sì lè tó 254. Wọ́n sì rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì kò ju ọjọ́ 29 tàbí 30 lọ. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu nígbà náà pé ẹni tó ju gbogbo ètò ààwẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún yóò bá ara rẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Ilé tí mo wà ni ìṣòro mi, n kò sì lè kúrò níbẹ̀." Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má sọ̀rètí nù. Súrà Tahrīm, àyà 10 àti 11, rán wa létí pé ìyàwó Ànábì Nūh àti ti Ànábì Lūt gbé ilé rere, wọ́n sì ṣègbé. Ìyàwó Firiaona gbé ilé tó burú jù láyé, ó sì di àpẹẹrẹ fún àwọn onígbàgbọ́. Àyíká kì í ṣe Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n nínú ilé tó burú jù, igun kan yóò ṣẹ́kù tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí, ìyàwó Firiaona sì mọ ibi tí yóò kọ àdúà rẹ̀ sí. Súrà Ra'd, àyà 11, ti là á fún wa pé Ọlọ́hun kì í yí ipò àwọn ènìyàn kan padà títí wọn yóò fi yí ohun tó wà nínú ẹ̀mí wọn padà. Ẹ yí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi ìyókù lé E lọ́wọ́.

Kí ni a wá sọ fún arákùnrin télọ̀ yẹn? A sọ fún un pé tuubá rẹ̀ kì í ṣe irọ́, kò tíì gbéra ni. Lójú wa níbẹ̀, ó yọ tẹ́tẹ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀. Ó gbà láti máa gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ sílé, kí ó kí màgàríbà níbẹ̀, kí ó sì bá wa jókòó ní ilé-kéwú alẹ́ di ìṣáì, àkókò tó máa ń jókòó ti tẹ́tẹ́ gan-an. Owó iṣẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Nítorí pé ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kò sí nínú ohun tí tuubá lásán ń pa rẹ́, ó lọ bá oníbàárà náà, ó jẹ́wọ́, ó sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní Sátidé kan, ó tún yọ̀. Kò fara pamọ́ fún wa. Nígbà tí a dé mọ́ṣáláṣí ní àsùbáà ọjọ́ kejì, a bá a ní sáàfù àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. A kò bá a wí. A kàn bi í pé, "Ọ̀nà wo lo gbà lánàá?" Ó ní, "Ọ̀nà àtijọ́ ni, Àáfáà." A ní, "Ó dára. Lónìí ńkọ́?"

Ìbéèrè náà la fi sílẹ̀ fún ara wa àti fún yín. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló gba ọkùnrin tó pa ènìyàn 100 là. Kí kálukú wò ó lálẹ́ òní, kí ó tó sùn: kí ni ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tí òun lè sún kúrò níbi tó wà?

Ọlọ́hun Ọba wa, má fi wá sílẹ̀ fún ara wa ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Fi ilé wa, ọjọ́ wa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa ṣe ìrànlọ́wọ́ fún wa lójú ọ̀nà Rẹ. Gba tuubá wa, sì mú ẹsẹ̀ wa dúró. Bí ikú bá sì ká wa mọ́jú ọ̀nà, jẹ́ kí ó bá wa níbi tí a ti kọjú sí Ọ. Āmīn.

Wa sàlámù àláékúmù wa ráhímátúlláhì wa bárákátúh.